Kàpásítọ̀: wọ́n ní kì í jẹ́ kí DC kọjá, kí ló wá tan LED mi?

Ọmọ_Físíìsì:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ní kíláàsì wọ́n kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù pé kàpásítọ̀ (pílétì méjì tó ń gba iná pamọ́, tí ohun tí kì í gbé iná yà sọ́tọ̀) kì í jẹ́ kí DC (iná tó ń gba ojú kan ṣoṣo bíi ti bátìrì) kọjá, gbogbo wa kọ ọ́ sínú nóòtì, ó parí. Mo wá ra kàpásítọ̀ 2200µF kan (µF ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe lè gbà tó) tí wọ́n kọ 16V sí lára, mo tò ó mọ́ rẹsístọ̀ 1kΩ (ohun tó ń dín kọ́rẹ́ǹtì kù) àti LED pupa lórí ìlà kan ṣoṣo, mo so ó mọ́ bátìrì 9V onígun mẹ́rin yẹn. Bí wáyà ṣe kan bátìrì báyìí, LED tàn gbòò! Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ títí ó fi kú.

Ìbéèrè mi rèé. Tí kò bá jẹ́ kí DC kọjá, kí ló tan LED? Lẹ́yìn tó kú, mo fi mítà wọn kàpásítọ̀ yẹn, 7.4V ni mo rí, kì í ṣe 9V, ìyókù dà? Ìkẹta, mo yọ bátìrì, mo so wáyà méjèèjì tó ń lọ síbi bátìrì pọ̀, torí mo rò pé iná tó wà nínú kàpásítọ̀ á tún tan LED, kò tàn rárá. Àbí mo ti jó o ni?

Ọ̀gá_Wáyà:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀, ó ṣeé ṣe kí LED ẹ wà láàyè. Ìkẹta yẹn lèmi máa dáhùn, àwọn tó mọ̀wé á bá ẹ mú ìyókù. Nígbà tí kàpásítọ̀ ń ṣájì, ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù ẹ̀ ni kọ́rẹ́ǹtì ń gbà wọlé. Tó bá fẹ́ tú ohun tó gbà sílẹ̀, ẹsẹ̀ kan náà yẹn ló máa gbà jáde, ibi tó gbà wá náà ló ń gbà padà. LED ò sì gbà fún kọ́rẹ́ǹtì tó bá gba ẹ̀yìn wá, ìdí nìyẹn tó fi dákẹ́. Má ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́ ṣá o, torí ọ̀pọ̀ àwọn LED kéékèèké yìí, 5V ni ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ní kéèyàn má kọjá tí wọ́n bá kọjú sódì, ìwọ sì ti gba ẹ̀yìn fi 7V lù ú.

Wá LED kejì, kó jẹ́ aláwọ̀ ewé kó o lè dá wọn mọ̀, so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti pupa yẹn, àmọ́ kí ẹsẹ̀ gígùn ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹsẹ̀ kúkurú èkejì. Fi bátìrì sí i, pupa á tàn á kú. Yọ bátìrì, so wáyà pọ̀, aláwọ̀ ewé á tàn á kú. Rẹsístọ̀ yẹn, má dán an wò láti yọ ọ́, òun ló ń dá ẹ̀mí LED sí.

Ọmọ_Físíìsì:
Ẹ ṣé gan-an ọ̀gá, mo ń lọ ra á. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ò jẹ́ kí n sùn. Ohun tó wà láàárín pílétì méjèèjì kì í gbé iná, báwo ni iná ṣe wá dé òdìkejì?

Tíṣà_Ìbàdàn:
Kò sí èyí tó kọjá láàárín ẹ̀ o. Kò sí ẹlẹ́kítíróọ̀nù kankan tó fo láti pílétì kan bọ́ sí èkejì, tó bá ń fò lọ́pọ̀lọpọ̀, kàpásítọ̀ ọ̀hún ti bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bátìrì ń fa ẹlẹ́kítíróọ̀nù kúrò lára pílétì kan, ó sì ń ti iye kan náà gẹ́lẹ́ lọ sára pílétì kejì. Torí náà wáyà tó wà lọ́tùn-ún àti èyí tó wà lósì, kọ́rẹ́ǹtì kan náà ló ń gba inú wọn, LED sì wà lórí wáyà, kò sí láàárín pílétì.

Fojú inú wo páìpù omi tí wọ́n fi awọ rọ́bà dí láàárín. Tó o bá ti omi láti apá kan, rọ́bà á wú síwájú, omi apá kejì á sún síwájú pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán omi kan ò gba inú rọ́bà kọjá. Bí rọ́bà ṣe ń wú náà ló ń ta kò ẹ́ sí i, títí agbára ẹ̀ á fi bá ti ìwọ tó ń ti omi dọ́gba, omi á wá dúró. Agbára tí rọ́bà fi ń ta kò ẹ́ yẹn la fi lè mọ ohun tí fóltéèjì orí kàpásítọ̀ jẹ́.

Ó yá, jẹ́ ká ṣírò tìẹ. LED pupa ń gba nǹkan bíi 2V, ó ku 7V fún rẹsístọ̀ àti kàpásítọ̀. Ní ìṣẹ́jú tí wáyà kan bátìrì, kàpásítọ̀ ṣófo, 0V ló wà lórí ẹ̀, gbogbo 7V yẹn ló bọ́ sórí rẹsístọ̀, 7V pín sí 1000Ω, 7mA nìyẹn, LED á tàn dáadáa. Bó ṣe ń kún, fóltéèjì ẹ̀ ń gòkè, ohun tó kù fún rẹsístọ̀ ń dínkù, kọ́rẹ́ǹtì ń rọlẹ̀. Kọ́rẹ́ǹtì tó rọlẹ̀ yẹn ló tún mú kó máa kún díẹ̀díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ni nǹkan ṣe ń falẹ̀ sí i bó ṣe ń sún mọ́ òpin.

Fi R (rẹsístọ̀) lu C (kàpásítọ̀), 1000 lọ́nà 0.0022, sẹ́kọ́ǹdì 2.2 lo máa rí, tau (τ) là ń pè é. Lẹ́yìn τ kan kàpásítọ̀ ti gba 63% ohun tó máa gbà, bíi 4.4V nínú 7V tìẹ, kọ́rẹ́ǹtì ti já wá sí 2.6mA. Sẹ́kọ́ǹdì 2.2 mìíràn, ó di 0.95mA. Òmíràn, 0.35mA. Gbogbo ìgbà tí τ kan bá kọjá, nínú ohun tó kù, bíi 37% ló máa ṣẹ́ kù. Nínú ìṣirò kò parí láéláé, àmọ́ lẹ́yìn τ márùn-ún, bíi sẹ́kọ́ǹdì 11, ohun tó kù ò pé 1% mọ́, gbogbo ayé ti gbà pé ó kún.

Ti 7.4V, LED ò gba 2V nígbà gbogbo. Tí kọ́rẹ́ǹtì bá ti kéré gan-an, kò ju nǹkan bíi 1.6V lọ tó ń mú. Yọ 1.6 kúrò nínú 9, o ti rí owó ẹ.

Ọmọ_Físíìsì:
Hàhà, mo ti rí owó mi. Tíṣà, ẹ ṣé. Ṣé ká kúkú ní ohun tí wọ́n kọ sí bọ́ọ̀dù irọ́ ni?

Tíṣà_Ìbàdàn:
Kì í ṣe irọ́, kò kàn sọ ìgbà tó jẹ́ òótọ́ ni. Lẹ́yìn tó bá ti kún, DC ò rìn mọ́, òótọ́ ni. Kó tó kún, kọ́rẹ́ǹtì wà, ó sì lè pọ̀ gan-an. Kọ́rẹ́ǹtì ò bìkítà nípa bí fóltéèjì orí kàpásítọ̀ ṣe ga tó, bí fóltéèjì yẹn ṣe ń yára yí padà ló kàn án. Kàpásítọ̀ 400V tó ti kún tó jókòó jẹ́ẹ́, kọ́rẹ́ǹtì ẹ̀ òfo ni. Kàpásítọ̀ tó ń lọ láti 0V sí 1V ní wàrà, kọ́rẹ́ǹtì ẹ̀ lè jó wáyà. Tó o bá di èyí mú, o ò nílò àkọ́sórí kankan mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹlẹ́ẹ̀rọ_Ọ̀fà:
Tíṣà, ẹ má bínú, mo fẹ́ bá yín jiyàn díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ ní kò sí ohun tó ń kọjá. Èmi ti mú gílóòbù 60W àtijọ́ yẹn, èyí tó ní wáyà nínú, mo tò ó pọ̀ mọ́ kàpásítọ̀ fáànù 2.5µF, mo ki í bọ iná ilé, ó tàn, kò sì kú! Bàìbàì ló ń tàn o, àmọ́ ó ń tàn lọ ni. Tí nǹkan ò bá kọjá, ta ló ń tan gílóòbù yẹn?

Tíṣà_Ìbàdàn:
Ìbéèrè gidi. Iná ilé, AC ni. Nígbà 50 ní sẹ́kọ́ǹdì kan ló ń lọ tó ń bọ̀, ìyẹn ni pé láàárín sẹ́kọ́ǹdì 0.01 ó ti kọjú sí ibòmíràn. Kàpásítọ̀ ò ráyè jókòó lórí fóltéèjì kan, ó ń kún sápá kan, ó ń tú u, ó ń kún sí òdìkejì, ó ń tú u, bẹ́ẹ̀ lọ, kọ́rẹ́ǹtì ò sì dúró lórí wáyà torí fóltéèjì ò dúró. Gílóòbù ò mọ̀ bóyá ẹlẹ́kítíróọ̀nù kọjá àbí wọ́n kàn ń sún síwá sún sẹ́yìn nínú wáyà ẹ̀, á ṣáà gbóná.

Ìdí tó fi tàn bàìbàì ni pé kàpásítọ̀ ń ta ko AC náà, ó kàn jẹ́ pé ìtakò yẹn lópin. Ẹ pín 1 sí 2π lọ́nà f (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní sẹ́kọ́ǹdì kan, Hz là ń pè é) lọ́nà C. Fún 2.5µF lórí 50Hz, bíi 1273Ω ni. Ó ju gílóòbù 60W fúnra ẹ̀ lọ, tí kì í tó 900Ω tó bá gbóná. Ẹ lo 1.5µF, ó di bíi 2122Ω, á tún ṣú sí i. Ẹ wá fi f sí òdo, ìyẹn DC, ìtakò á di èyí tí kò lópin. AC àti DC, òfin kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ẹlẹ́ẹ̀rọ_Ọ̀fà:
Hmm. Ó yé mi báyìí. Láti ọjọ́ yìí wá mo kàn ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé "ó ń gbé AC, kì í gbé DC," kò sẹ́ni tó bi mí ní ìdí.

Ará_Houston:
Ó dùn ún kà o. Níbí ní Amẹ́ríkà, 60Hz la ń lò, ṣé 2.5µF kan náà á wá rọrùn díẹ̀ fún iná níbí nìyẹn?

Tíṣà_Ìbàdàn:
Bẹ́ẹ̀ ni, bíi 1061Ω lọ́dọ̀ yín. Àmọ́ má torí ẹ̀ di fáànù 120V wá sílé o, ohun tó máa jó ò ní jẹ́ kàpásítọ̀ nìkan.

Màmá_Olókùúta:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já lù yín, mo rí i pé ẹ dárúkọ fáànù. Fáànù òkè àjà pálọ̀ mi, tí wọ́n bá mú iná wá, á kàn máa kùn hùùùn, kò ní yí, àfi tí ọmọ kan bá gun àga tó fi igi ìgbálẹ̀ tì í, á wá máa yí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ebi ń pa. Ẹni tó wá wò ó ní ìdí fáànù ti jó, kí n ra tuntun. Ṣé òótọ́ ni?

Ọ̀gá_Wáyà:
Ẹ kú ilé o Mà. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Fáànù tó ń kùn, tó ń yí tí wọ́n bá tì í, kàpásítọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fura sí, kò sì wọ́n rárá tẹ́ ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù tuntun. Tó bá jẹ́ pé ìdí ẹ̀ ló jó, ẹ máa gbóòórùn, àbí kó gbóná kọjá ààlà, àbí kó máa já kọ́tàòtù.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà ẹ gbọ́. Nínú fáànù yẹn, wáyà tí wọ́n dì wà ní ọ̀wọ́ méjì. Ọ̀wọ́ kan gba iná tààrà. Ọ̀wọ́ kejì gba iná láti inú kàpásítọ̀. Kọ́rẹ́ǹtì tó bá gba kàpásítọ̀ máa ń ṣáájú fóltéèjì, torí ìgbà tí fóltéèjì ń yára yí padà jù lọ ni kọ́rẹ́ǹtì ẹ̀ ń pọ̀ jù, bí tíṣà ṣe sọ. Ọ̀wọ́ méjèèjì wá ń fa irin àárín ní àsìkò tó yàtọ̀ síra, ọ̀kan fà, èkejì tẹ̀ lé e, ọ̀kan fà, èkejì tẹ̀ lé e, ìyẹn ló ń mú un yí sí ojú kan. Tí kàpásítọ̀ bá kú, ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ló kù tó ń fà síbí fà sọ́hùn-ún, kò mọ ibi tó máa lọ, ló bá ń kùn. Tí ẹ bá fi igi tì í sápá ọ̀tún, ọ̀tún á lọ. Ẹ tì í sósì, òsì náà á lọ, á tiẹ̀ máa fẹ́ atẹ́gùn sókè àjà fún yín.

Màmá_Olókùúta:
Ẹ̀ẹ́! Òótọ́ ni o, ọmọkùnrin yẹn tì í sódì lọ́jọ́ kan, a ò rí atẹ́gùn kankan, a rò pé àjẹ́ ni. Kàpásítọ̀ wo ni kí n ní kí ẹni tó wá wo fáànù yẹn rà? Ó ní 3.5 wà lọ́wọ́ òun, pé ìyẹn á jẹ́ kó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀gá_Wáyà:
Ẹ má gbà Mà. Iye tí wọ́n kọ sára ògbólógbòó yẹn ni kó rà, ọ̀pọ̀ ìgbà 2.5µF ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kó kà á. Tó bá tóbi jù, kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba ọ̀wọ́ kejì yẹn á pọ̀ ju èyí tí wáyà ẹ̀ lè gbà, á máa gbóná, ibẹ̀ gan-an ni ìdí fáànù á ti wá jó lóòótọ́. Ìyára ọ̀sán kan, ìnáwó oṣù kan. Fóltéèjì tí wọ́n kọ sí i ní tiẹ̀ lè ga ju ti tẹ́lẹ̀, kò séwu, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ kéré sí i.

Tí fáànù bá kàn rọra ń yí tó sì jẹ́ pé àwọn aládùúgbò náà ń ké pé hááfù kọ́rẹ́ǹtì ni, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ kàpásítọ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀rọ_Ọ̀fà:
Ọ̀gá, kí ló dé tí kàpásítọ̀ fáànù tèmi fi máa ń rọlẹ̀ láìkú? Mo ti fi mítà wọn èyí tí wọ́n kọ 2.5 sí, 1.3 ni mo rí, kò wú, kò jó, ara ẹ̀ mọ́ tónítóní.

Tíṣà_Ìbàdàn:
Irú ti fáànù, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni tí wọ́n fi mẹ́táàlì tín-ín-rín bò lára, tí wọ́n wá ká. Tí iná bá lu ibì kan jó nínú ike yẹn, mẹ́táàlì tó yí ihò náà ká á jó dànù wàrà, ihò á dáwọ́ dúró, kàpásítọ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ó wo ara ẹ̀ sàn, àmọ́ ó ti pàdánù ìwọ̀nba pílétì díẹ̀. Tí fóltéèjì ilé yín bá ń fò sókè léraléra, ihò á pọ̀, pílétì á máa tán lọ, 2.5 á di 1.3 láìsí àmì kankan lára. Ti inú tẹlifíṣọ̀n àti pawasọpuláì yàtọ̀, omi ló wà nínú ìyẹn, tó bá ń gbẹ tàbí tó ń gbóná orí ẹ̀ á wú.

Oníṣólà:
Ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Íńfátà 48V ni, tí mo bá fẹ́ so bátìrì mọ́ ọn, wáyà tó kẹ́yìn máa ń ṣáná pàà!, ó ti jẹ tẹ́mínà náà dà sí ihò. Íńfátà sì wà ní ọ́ọ̀fù o. Ṣé wọ́n ta íńfátà tó ti bàjẹ́ fún mi ni?

Tíṣà_Ìbàdàn:
Rárá, kò bàjẹ́. Àwọn kàpásítọ̀ ńlá ló wà ní ẹnu ọ̀nà íńfátà yẹn, nínú ọ̀pọ̀ wọn kò sì sí súìṣì láàárín wọn àti tẹ́mínà, torí náà ọ́ọ̀fù ò kàn wọ́n. Padà síbi LED ọmọ yẹn: ní ìbẹ̀rẹ̀, kàpásítọ̀ tó ṣófo ò ta ko ẹnikẹ́ni, bíi wáyà lásán ló rí, rẹsístọ̀ nìkan ló ń pinnu kọ́rẹ́ǹtì. Ti íńfátà yìí ò ní rẹsístọ̀. Wáyà títóbi àti inú bátìrì nìkan ló wà níbẹ̀, ká ní gbogbo ẹ̀ pọ̀ jẹ́ 0.05Ω, 48 pín sí 0.05, 960A! Fún ìṣẹ́jú tó kéré ju kéèyàn ṣẹ́jú lọ ni, àmọ́ ó tó láti yọ́ irin.

Ọ̀gá_Wáyà:
Ohun tá à ń ṣe: wá rẹsístọ̀ onísìmẹ́ǹtì funfun yẹn, 47Ω 10W. Bátìrì ti wà lórí nẹ́gátíìfù. Kó o tó so pọ́sítíìfù, fi rẹsístọ̀ yẹn kan án láàárín wáyà àti tẹ́mínà, kà á dé márùn-ún, yọ ọ́, so wáyà gidi kíá. Kò ní ṣáná. Àmọ́ íńfátà gbọ́dọ̀ wà ní ọ́ọ̀fù, torí tó bá ń jẹ iná lọ́wọ́, kàpásítọ̀ ò ní kún láéláé láti inú 47Ω. Má di rẹsístọ̀ yẹn mú ní ìhòòhò o, fi ìdìmú.

Oníṣólà:
Ẹ ṣé. Ṣé ohun kan náà ló ń mú kí ṣájà láptọ́ọ̀pù ṣáná nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì?

Tíṣà_Ìbàdàn:
Òun náà ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tiẹ̀ ní rẹsístọ̀ kékeré kan tó máa ń ta ko kọ́rẹ́ǹtì nígbà tó tutù, tó bá ti gbóná tán á yọ̀ǹda. Tẹ́ ẹ bá fà á yọ tẹ́ ẹ tún ki í padà lójú ẹsẹ̀, kò tíì tutù, ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́ẹ̀kejì fi máa ń ṣáná jù.

Ọmọ_Físíìsì:
Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ti ra LED aláwọ̀ ewé! Ó ṣiṣẹ́ bí Ọ̀gá_Wáyà ṣe wí gẹ́lẹ́, pupa nígbà tó ń kún, ewé nígbà tó ń tú jáde. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ewé kú tán, mítà ṣì rí 1.8V lórí kàpásítọ̀, kò lọ sí òdo. Kí ló tún dé? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún bá mi wò ó, tí mo bá lo rẹsístọ̀ tó tóbi jù, ṣé iná tó ṣòfò lára rẹsístọ̀ á pọ̀ sí i ni?

Tíṣà_Ìbàdàn:
1.8V yẹn, LED ò lè gbé e mọ́, tí fóltéèjì bá ti sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀ ó ti ilẹ̀kùn. Fi rẹsístọ̀ 1kΩ nìkan kàn án, á lọ sí òdo.

Ìkejì yẹn ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ká yọ LED kúrò, ká ní 9V kún 2200µF pátápátá. Agbára tí bátìrì ná, 178 mílíjúùlù. Èyí tó wà nínú kàpásítọ̀, 89. Ìdajì gééré di ooru lára rẹsístọ̀. Lo 10Ω, ìdajì. Lo 1MΩ, ìdajì. Rẹsístọ̀ ńlá kàn jẹ́ kí ìṣòfò náà pẹ́ ni, kò fi kún un kò yọ níbẹ̀. Ìdí ni pé 9V ni bátìrì fi ń ti gbogbo ẹlẹ́kítíróọ̀nù, àti àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, ṣùgbọ́n kàpásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0V, ó parí ní 9V, ìdajì 9V ni ó ń gbà tá a bá dá a pọ̀ ká pín in.

Ọ̀gá_Wáyà:
Níwọ̀n ìgbà tá a ti dé orí títú u jáde, ẹ jẹ́ n kìlọ̀, torí mo rí i pé àwọn ọmọdé wà níbí. 9V yẹn eré ni. Má torí ẹ̀ lọ ṣí tẹlifíṣọ̀n. Iná ilé 230V, tó bá ti gba inú dáyóòdù (ohun tó ń jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì gba ojú kan ṣoṣo) wọ kàpásítọ̀, 325V ló ń di níbẹ̀, torí orí ìgbì ló ń kún dé. 220µF tó kún fún 325V, agbára tó wà nínú ẹ̀ lé ní júùlù 11, fífà pílọ́ọ̀gì yọ ò sì mú un lọ. Àwọn kan ní rẹsístọ̀ tí wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láti máa tú u díẹ̀díẹ̀, ká ní 220kΩ ni, ó ṣì máa tó ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kó tó wálẹ̀ sí 50V. Tí rẹsístọ̀ yẹn bá sì ti já, o ò lè mọ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń fi súkúrú-díráfà so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, pàà!, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Mo kórìíra ẹ̀. Ó ń jẹ bọ́ọ̀dù, ó ń fọ́ kàpásítọ̀, ó sì lè ta sójú. Gílóòbù oníwáyà 60W ni mo máa ń lò, mo jó wáyà gígùn méjì mọ́ ìdí ẹ̀, tí mo bá fi kàn án á tàn fìrì á kú, mo ti rí i pé ó jáde. Lẹ́yìn náà mo máa ń fi mítà wò ó, torí kàpásítọ̀ ńlá lè tún gbé fóltéèjì díẹ̀ dìde fúnra ẹ̀ lẹ́yìn tó o ti tú u, ohun tó wà láàárín pílétì ò tètè gbàgbé. Tẹlifíṣọ̀n ìdí gígùn àtijọ́ ńkọ́? Díńgí ojú ẹ̀ yẹn fúnra ẹ̀ kàpásítọ̀ ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì. Máíkíróweéfù náà, ẹni tí kò bá kọ́ṣẹ́ ẹ̀ kó má ṣí i.

Tíṣà_Ìbàdàn:
Ọ̀gá sọ̀rọ̀. Kàpásítọ̀ àkọ́kọ́ láyé gan-an, ìgò omi ni, àwọn tó ṣe é sì fi ojú ara wọn rí i. Von Kleist ní apá Jámánì ní 1745, ó gbá a. Pieter van Musschenbroek ní Leiden, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ní 1746, ó gbá òun náà débi tó fi kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé tí wọ́n bá fún òun ní odidi ìjọba Faransé, òun ò ní dán an wò mọ́.

Ẹlẹ́ẹ̀rọ_Ọ̀fà:
Hàhàhà, ìyẹn ò tíì rí nǹkan, kó wá ṣí tẹlifíṣọ̀n ìdí gígùn wò.

Ọmọ_Físíìsì:
Mo gbọ́ o, mi ò ní ṣí nǹkan kan. Ìkan péré ló kù: kí ni ìlà tó wà lára kàpásítọ̀ mi yẹn, tó ní àmì àyọkúrò?

Ọ̀gá_Wáyà:
Ẹsẹ̀ nẹ́gátíìfù nìyẹn. Irú tó ní omi nínú yẹn, o ò gbọ́dọ̀ yí i padà. Ohun tín-ín-rín tó ya pílétì sọ́tọ̀ nínú ẹ̀, ojú kan ló lè dúró sí, tó o bá gba òdì fún un ní iná á fọ́, kọ́rẹ́ǹtì á máa gba inú ẹ̀ lóòótọ́, á gbóná, omi á hó, á bú. Àgbélébùú tí wọ́n gé sórí àwọn ńlá yẹn, kó lè ya níbẹ̀ ni, kó má bàa dà bọ́ǹbù. Ti fáànù ní tiẹ̀ ò ní pọ́sítíìfù, bó o bá ṣe fẹ́ ni kó o so ó.

Oníṣólà:
Ọ̀gá, kí n tó lọ, pawasọpuláì tẹlifíṣọ̀n mi, kàpásítọ̀ tó wú níbẹ̀ 120µF 400V ni. Lọ́jà, 450V ni mo rí, µF kan náà. Ṣé kí n rà á?

Ọ̀gá_Wáyà:
Rà á, kò sí wàhálà, 450V tiẹ̀ dáa fún iná tó ń fò sókè. Wò ó kó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ 105°C sí lára, kì í ṣe 85, torí inú tẹlifíṣọ̀n gbóná. Àmọ́ òun náà máa ń sanra ju ti 400 lọ, mú ògbólógbòó yẹn dání, kó o wọn gíga ẹ̀ kó o tó sanwó, kí ìdérí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n lè padé. Kó o sì fún ẹni tó máa jó o mọ́ ọn ní gílóòbù yẹn kó kọ́kọ́ tú èyí tó wà níbẹ̀.